Kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dá owó tí a kò ní í pín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú ìdúró ti èdè wa. Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wa, tí à ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba tí ń bọ̀, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Gbogbo wa ni a mọ bí ìpàdé náà ṣe máa ń rí: wọn yóò gbé àpẹẹrẹ aṣọ jáde, wọn yóò jiyàn lórí àwọ̀, wọn yóò dá iye lé e, wọn yóò sì fún olúkúlùkù ní ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín bá mi wò dáadáa ni pé owó náà máa ń pé. Ẹni tí ó ń rojọ́ pé ọjà kò tà a san tirẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìlú òyìnbó a fi ránṣẹ́. Akápò a sì ro gbogbo rẹ̀ láìku náírà kan. Ẹgbẹ́ tí ó lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dọọdún láìpe ọlọ́pàá, láìre ilé-ẹjọ́, ti ní ìfọkàntán, ohun tí ó sì ṣòro jù láti ní nínú ọ̀rọ̀ owó àjọní nìyẹn. Àbá mi ni pé kí a fi ìfọkàntán yìí dá ẹgbẹ́ ìdókòwò sílẹ̀ nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí a ó ti máa dá owó lóṣooṣù, tí a kò ní í pín in, tí a ó jẹ́ kí ó máa bí sí i lórúkọ gbogbo wa.

N kò bá ẹgbẹ́jọdá jà o. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí oyè ní 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ni ó sọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ jí, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí inú rẹ̀ kì í dùn nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tò wọlé lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti kí ọba. Aṣọ tí a ń rà ń bọ́ aláṣọ, ó ń bọ́ télọ̀, ó ń bọ́ onífìlà àti àwọn tí ń so gèlè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọrọ̀ ẹgbẹ́ wa fi ń rìn. A mọ bí a ti ń jọ ná owó. A kò tíì kọ́ bí a ti ń jọ ní in.

Àwọn kan yóò dáhùn pé kí ni tuntun níbẹ̀, ṣebí a ti ń dá èsúsú kí wọ́n tó bí bàbá wa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èsúsú tọ́jọ́ débi pé àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé òkè òkun, àwọn ará Trinidad sì ń dá a títí di òní lábẹ́ orúkọ susu. Ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́: òun ni ìyá ọlọ́jà fi ń kún ọjà rẹ̀, òun ni a fi ń san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ nígbà tí wọ́n ní ẹni tí ó dá ẹgbẹ̀fà tí ó fẹ́ kó ẹgbẹ̀je, níbo ni yóò ti rí igba? Iye tí a dá ni a ń kó. Bí ọ̀wọ́n ọjà bá sì wọ̀ ọ́, iye tí a dá gan-an kọ́ ni a ń kó mọ́. Ìṣirò àjọ NBS, tí ń ṣe àkójọ ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, fún oṣù Kejìlá 2024 fi hàn pé iye ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí ju ti oṣù kan náà ní ọdún tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá dá èsúsú oníoṣù méjìlá ní ọdún yẹn tí ó sì jẹ́ òun ni ó kó kẹ́yìn, ẹni tí ó kó ṣáájú ti fi owó rẹ̀ ra àpò ìrẹsì nígbà tí àpò ìrẹsì ṣì rọ̀, òun wá gba iye kan náà nígbà tí owó náà kò lè ra àpò yẹn mọ́. Alájọ tí ń yípo ọjà Òkè-Ajé lójoojúmọ́ kò yàtọ̀: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá àjọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sanwó kí a tó lè bá a tọ́jú owó ara rẹ̀ ni.

Ẹgbẹ́ ìdókòwò yàtọ̀ sí èyí. Kò sí ẹni tí ó ń kó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà tàbí iye tí ó bá agbára wọn mu lóṣooṣù, wọ́n ń jọ ṣèwádìí ibi tí ó yẹ kí owó náà wọlé sí, wọ́n ń dìbò, èrè tí ó bá sì wọlé a tún padà di owó òwò. Àwọn ará ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà dá ọ̀kan tí ó lókìkí sílẹ̀ ní 1940, owó tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ kò ju dọ́là mẹ́wàá lóṣù lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ara irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àjọ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìdókòwò orílẹ̀-èdè náà ti jáde ní 1951. Ìlànà wọn kò le rárá: kí wọ́n máa dá owó ní àkókò rẹ̀ yálà ọjà dára tàbí kò dára, kí wọ́n má ná èrè, kí wọ́n ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ń dàgbà, kí wọ́n má sì kó gbogbo owó sójú kan. Nítòsí wa níbí, àwọn ará Kenya ní ohun tí wọ́n ń pè ní chama. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ bí èsúsú tiwa gan-an, láàárín àwọn obìnrin pàápàá, kí wọ́n tó yí i padà sí ẹgbẹ́ tí ó ní ìpín, tí ó ní ilẹ̀, tí ó ní ilé tí wọ́n ń gba owó rẹ̀. Bí ti Kenya bá lè ti inú àjọ dé ibẹ̀, n kò rí ohun tí ó dí Ìjẹ̀bú lọ́nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ jù, tí mo sì rí i pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dúró sí, ni ìwé ìṣirò. Ní Beardstown, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn ìyá àgbàlagbà kan dá ẹgbẹ́ ìdókòwò sílẹ̀, òkìkí wọn sì kàn ní àárín àwọn ọdún 1990 nítorí wọ́n ní èrè àwọn jẹ́ 23.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá. Tẹlifíṣọ̀n ń pè wọ́n, àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ òǹdókòwò ń kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Price Waterhouse yẹ ìwé wọn wò ní 1998, èrè gidi tí ó wà níbẹ̀ kò ju 9.1 lọ. Àwọn ìyá náà kò jalè, ẹnikẹ́ni kò sì purọ́. Owó oṣooṣù tí àwọn fúnra wọn ń dá ni ìṣirò wọn kà mọ́ èrè. Àṣìṣe yìí rọrùn fún àwa náà láti ṣe, nítorí ojú èsúsú ni a ó fi máa wò ó: a ó rí i pé owó inú báńkì ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, inú wa yóò dùn, a kò sì ní í bi ara wa pé èló ni a fi síbẹ̀, èló ni owó náà bí.

Ọ̀nà tí ó dára jù lójú tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ máa ka ẹyọ ìpín, kí ó má máa ka orí ènìyàn. Kí a ní ènìyàn 25 ni ó bẹ̀rẹ̀, tí olúkúlùkù ń dá ₦20,000 lóṣù, tí a sì ní ₦1,000 ni iye ẹyọ ìpín kan ní ọdún kìn-ín-ní. Nígbà tí ọdún bá yí po, owó tí a dá yóò jẹ́ ₦6,000,000, ẹyọ ìpín yóò jẹ́ 6,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì ní 240. Bí àpapọ̀ ohun tí ẹgbẹ́ ní lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti yọ ìnáwó kúrò, bá jẹ́ ₦6,900,000, ẹyọ kan ti di ₦1,150 nìyẹn. Ẹni tuntun tí ó bá fẹ́ wọlé ní ọdún kejì, iye yẹn ni yóò fi ra tirẹ̀: bí ó bá mú ₦230,000 wá, ẹyọ 200 ni yóò gbà, kì í ṣe 230. Àwọn kan á ní ìrora ni èyí, kí ẹni tuntun ṣáà san ₦240,000 tí olúkúlùkù ti san, kí gbogbo wa wá di ọgbọọgba. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Àpapọ̀ owó yóò di ₦7,140,000 láàárín ènìyàn 26, ìpín ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lánàá yóò sì lé ní ₦274,000. Ó ti jẹ èrè tí ó lé ní ₦34,000 láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti inú àpò àwọn tí ó ti ń dá owó láti ọdún kan. Irú nǹkan báyìí kì í fa ìjà lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé ni ìjà máa ń dé, ọjọ́ náà sì sábà máa ń pẹ́ kí ó tó dé, tí ìbínú á ti pọ̀ jù.

Nípa ibi tí owó yóò wọlé sí, mo mọ̀ pé ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu àwọn ènìyàn wa: àga àti àtíbàbà tí a ó máa fi háyà, àti ilẹ̀. Ti àga kò gba àkókò púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ra àga 200 fún háyà yóò rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe òkú bàbá rẹ̀ fẹ́ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, àbúrò alága náà fẹ́ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ta sì ni ó fẹ́ bá wọn fà á? Òwò ni èyí, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa jí sí i láràárọ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò sì lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ ni ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Rẹ́mọ mọ̀ sí ọrọ̀, a sì ń fojú rí bí iye rẹ̀ ti ń lọ sókè láti Ṣágámù dé Ìpẹru àti Ìlíṣàn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí agbègbè náà. N kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ra ilẹ̀ láé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó má jẹ́ ilẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kò ṣe é gé lẹ́ẹ̀kan kí a fi ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ẹni tí ó fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Kì í mówó wọlé títí a ó fi tà á. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi àkóso ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, nítorí náà ilẹ̀ tí a rà lọ́wọ́ ẹbí láìṣe ìwé ìjọba lórí rẹ̀ kò tíì fi ara balẹ̀. Ìnáwó ìwé náà sì pọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọ onílẹ̀ tí yóò tún padà wá gba owó ìpìlẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé, bí ẹgbẹ́ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, orúkọ ènìyàn kan tàbí méjì ni wọn yóò kọ sórí ìwé ilẹ̀, ọjọ́ tí àwọn yẹn bá sì kú, àwọn ọmọ wọn ni ẹgbẹ́ yóò máa bá ṣẹjọ́.

Bí wọ́n bá bi mí, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹ kí ó jẹ́ ti ìwé owó ìjọba àti ṣíà. Àjọ DMO, tí ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́, ìyẹn ìwé tí a fi ń yá ìjọba lówó, láti 2017. ₦5,000 péré ni a fi lè bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé rẹ̀ sì ń wọlé. Tirẹ́ṣọ́rì bíìlì náà wà, ìwé owó ìjọba tí kì í pẹ́ kí ó tó pé, ti ọjọ́ 91, ti ọjọ́ 182 àti ti ọjọ́ 364, báńkì tàbí aṣojú ọjà ìpín sì lè bá ẹgbẹ́ rà á. Mo mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí inú wa, tí wọ́n pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò ní èlé kò tọ́ sí àwọn, wọ́n sì jàre. Ìdí rẹ̀ nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan gbójú fo Sukuk, ìwé owó ìjọba tí a ṣe ní ìlànà Ìsìláàmù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ta á, ₦100 bílíọ̀nù fún ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, owó tí ẹni tí ó rà á sì ń gbà jẹ́ owó ìyálò lórí iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, kì í ṣe èlé orí gbèsè. Ẹgbẹ́ tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ wà nínú rẹ̀ lè fi Sukuk ṣe ìpìlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò gbà. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n máa ra ṣíà díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà lórí NGX, ọjà ìpín ilẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣàlàyé ohun tí ó ń tà àti bí ó ti ń jèrè. Àǹfààní àwọn nǹkan wọ̀nyí fún ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè mọ iye wọn lọ́jọ́ tí ó bá béèrè, wọ́n sì ṣe é tà ní ìwọ̀n tí a bá fẹ́ láìta gbogbo rẹ̀.

Òfin náà ń bẹ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú di. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 kò gbà kí ènìyàn tí ó ju ogún lọ para pọ̀ máa ṣòwò fún èrè láìforúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ ní ju ènìyàn àádọ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ju àádọ́ta lọ fíìfíì. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò wọ ẹgbẹ́ ìdókòwò kan ṣoṣo. Kí àwọn tí ó mọ ara wọn dáadáa, ogún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, jọ ṣe tiwọn, kí àwọn mìíràn sì ṣe tiwọn, kí èyí tí ó bá ju ogún lọ sì forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935, tí ènìyàn mẹ́wàá sì tó bẹ̀rẹ̀. Alájẹṣẹ́kù ní olùyẹ̀wò lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ó sì rọrùn fún àwọn ènìyàn wa láti lóye. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀rù nípa rẹ̀ ni ẹ̀yáwó. Alájẹṣẹ́kù tí a mọ̀ wà fún yíyá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìdókòwò tí ó bá ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ìsìnkú àti owó ìgbéyàwó, kí ọdún méjì tó pé, gbèsè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òfin ẹgbẹ́ sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹ̀yáwó. Ẹni tí ìṣòro bá dé bá, kí ó ta ẹyọ ìpín rẹ̀.

Títa yẹn náà gbọ́dọ̀ ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ kìn-ín-ní. Kí ẹni tí ó fẹ́ lọ fi ìwé sọ fún ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n san owó rẹ̀ ní iye tí ẹyọ ìpín jẹ́ ní ìṣirò tí ó kẹ́yìn, kí ẹni tí ó bá sì lọ kí ọdún mẹ́ta tó pé fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó dúró. Ti ikú ṣe pàtàkì ju ti ìjáde lọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó kú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn kan ní kí a pín ogún rẹ̀ ní ìdí-igi, àwọn kan ní orí-òjorí, ìyàwó àgbà sọ tirẹ̀, àbúrò olóògbé sọ tirẹ̀, gbogbo wọn ni yóò sì dé ọ̀dọ̀ akápò. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tí ẹgbẹ́ yóò bá sọ̀rọ̀ bí òun kò bá sí mọ́, kí ó tún un kọ lọ́dọọdún, kí ó sì yé ẹbí pé owó ni wọn yóò gbà. Àga olóògbé nínú ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ báńkì: kí ẹni méjì nínú mẹ́ta máa fọwọ́ síwèé kí owó tó jáde, kí alẹ́ẹ̀tì máa wọ fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì máa fi àkọsílẹ̀ báńkì ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí WhatsApp lóṣooṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akápò náà jẹ́ olórí ìjọ tàbí Àlàájì tí ó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé etí àwọn ènìyàn ti kún fún ọ̀rọ̀ ìdókòwò. MMM ṣèlérí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ó ti owó mọ́ àwọn ènìyàn nínú ní oṣù Kejìlá 2016; CBEX ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó ṣubú ní oṣù Kẹrin 2025. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀nyí àti ohun tí mo ń sọ kò fara sin. Ẹgbẹ́ ìdókòwò kò ṣèlérí iye kankan, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí ohun tí ọjà yóò ṣe. Kò gba owó lọ́wọ́ ará ìta. Kò sì sí ẹni tí ń gba ẹ̀bùn nítorí pé ó mú ẹlòmíràn wá. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù, tàbí méjèèjì, sórí ẹni tí ó bá gbé irú àwúrúju yẹn kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí a gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ọjà kí a máa fún wọn ní ìdá kan lóṣù, ọjọ́ náà ni kí ẹ yọ ọ́.

Àwọn ará Rẹ́mọ lè ní ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde nìyí, pé Ojúde Ọba kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ẹgbẹ́ pọ̀ sí ju Rẹ́mọ lọ, láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìṣarà. Àwọn oníṣòwò obì ní Ṣágámù, tí wọ́n ń bá àwọn Hausa ṣòwò ní Sábó, mọ bí a ti ń ra obì ní ìgbà tí ó pọ̀, tí a ń fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí a ń ṣà á kí kòkòrò má wọ̀ ọ́, tí a kò sì ní í tà á títí yóò fi wọ́n. Ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún obì kò ní í ṣòro fún láti lóye ìdí tí a kò fi ní í ta ṣíà nítorí pé iye rẹ̀ wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní Rẹ́mọ gbé e yẹ̀ wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí wọ́n tó gbé àpẹẹrẹ aṣọ jáde, kí akọ̀wé bi ìjókòó pé àwọn mélòó ni yóò lè máa dá ₦20,000, tàbí ₦10,000 bí ti àkọ́kọ́ bá wúwo jù, fún ọdún mẹ́ta láìmú un. Bí ẹni mẹ́wàá bá nawọ́, wọ́n ti tó. Kí wọ́n kọ òfin wọn kí wọ́n tó ṣí ìwé báńkì, kí wọ́n sì wá agbẹjọ́rò kan láti kà á. Owó tí wọn yóò san fún agbẹjọ́rò náà kò tó iye tí wọn yóò fi ran aṣọ.

Ẹ̀bẹ̀ kejì, ẹ̀yin Olóòtú ni mo bẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí ó ti ń ṣe irú nǹkan yìí láti bí ọdún mélòó kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wọn láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí wọ́n ròyìn bí ó ti rí fún wa, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n dá àti iye tí ó jẹ́ èrè sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.